Káfù Ìdí Ìkòkò

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì

Olóríkunkun, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ara mi le. Orúnkún nìkan ló ń ké, òun náà sì ti ń ké kí wọ́n tó bí ọ. Bí ara tìrẹ bá le, ó dáa. Bí kò bá le, kọ ọ́ sínú ìwé, má fi ẹ̀rín bò ó bí o ṣe máa ń ṣe.

Kẹ́míìsì ló ń bá mi kọ èyí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, láàárín àwọn ìgò oògùn ikọ́. O mọ̀ pé òun ni ọkọ Ìyá Alága, olórí gbogbo àwa obìnrin tí a ń mọ ìkòkò ní ẹbu. Kò sí ẹlòmíì ládùúgbò yìí tí ìwé ọwọ́ rẹ̀ ṣe é kà, nítorí náà gbogbo èébú tí mo bá ní fún ìyàwó rẹ̀, òun náà ni yóò kọ ọ́. Mo ti sọ fún un pé bó bá fo ọ̀rọ̀ kan, màá mọ̀, nítorí màá ní kó kà á padà fún mi.

Kì í ṣe àlàáfíà ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Ìyá Alága ti ṣòfin. Ó ní alájàpá tó ń kó ìkòkò wa lọ máa ń dá àwọn tó bá là padà, a kì í sì í mọ ẹni tó mọ wọ́n. Àwa tí a kò kàwé, ìka la fi ń tẹ ìdí ìkòkò, gbogbo ojú ìka sì jọ ara wọn lára amọ̀. Láti ìgbà tí a bá tún máa sun ìkòkò lẹ́yìn òjò, ó ní kí oníkálukú kọ lẹ́tà kan sí ìdí tirẹ̀. Ẹni tí kò bá lè kọ lẹ́tà, òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ ni wọn yóò fi lu ìkòkò rẹ̀, wọn yóò sì dà á pọ̀ mọ́ ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Gbọ́ mi dáadáa. Èmi tí mo ti ń mọ ìkòkò kí Ìyá Alága tó lè dá imú ara rẹ̀ fọn, ìkòkò tèmi ni wọ́n fẹ́ kó pọ̀ mọ́ ti àwọn tí kò tíì mọ amọ̀ yàtọ̀ sí ẹrẹ̀! Mo ní n kò gbà. Ó ní kí n lọ sí kíláàsì àwọn àgbà nírọ̀lẹ́. Mo lọ. Tíṣà wọn, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ní kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún mi nítorí pé mo mú ṣọ́ọ̀kì dání. Ṣọ́ọ̀kì! Mo gbé e kalẹ̀, mo bọ́ síta, n kò sì padà.

Ọ̀rọ̀ kejì. O kọ ọ́ sínú ìwé rẹ tó kọjá pé baba arúgbó tí o ń tọ́jú lókè òkun lọ́hùn-ún ń kọ́ ọ ní ìwé kíkọ, ó sì máa ń di ọwọ́ rẹ mú. Kí ló ń di ọwọ́ rẹ mú fún? Ìwé wo ni o kò mọ̀ ọ́n kọ? Mo rán ọ níléèwé títí o fi jáde. Ṣé baba náà kò ní ìyàwó ni? Dáhùn, má sì yí ọ̀rọ̀ po.

Èmi ìyá ìyá rẹ ni.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta

Ìyá mi àgbà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Ẹ kú ìfaradà orúnkún. Ẹ bá mi kí Kẹ́míìsì, kí ẹ sì bá mi bẹ̀ ẹ́ nítorí gbogbo ohun tí ẹ fi ipá mú un kọ.

Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ baba. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e mọ́. Èmi ni mò ń gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga. Nígbà tó lágbára, òkúta ibojì ló ń fín. Òun ló ń kọ orúkọ òkú sí wọn lára. Kì í ṣe irú ìwé tí mo kọ́ níléèwé ló ń kọ́ mi. Lẹ́tà èdè tirẹ̀ ni, èdè Árámáíkì, èdè àtijọ́ tí wọ́n fi kọ apá kan ìwé Dáníẹ́lì inú Bíbélì. Láti ọ̀tún ni wọ́n ti ń kọ ọ́ lọ sí òsì. Àwọn tó ń sọ ọ́ kò pọ̀ mọ́, àwọn ọmọ baba fúnra wọn kò sì kọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Bó bá nìkan mú gègé, ìlà rẹ̀ á máa rí kọ́lọkọ̀lọ bí ipa ẹsẹ̀ adìyẹ. Bó bá wá gbé ọwọ́ lé tèmi, ọwọ́ tèmi á mú tirẹ̀ dúró, ọwọ́ tirẹ̀ á máa darí tèmi. Ohun tó ń dì mí lọ́wọ́ mú fún nìyẹn.

Mo sọ ọ̀rọ̀ òfin ẹbu fún un. Ó bi mí pé kí ni ìyá mi àgbà fi ń mọ ìkòkò. Mo ní àtẹ́lẹwọ́ ni. Ó lu apá àga rẹ̀ gbàgà. Ó ní lẹ́tà kan wà tó ń jẹ́ Káfù, àtẹ́lẹwọ́ sì ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí, kí ẹ mú un, tiyín ni. Mo ti kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí, mo jẹ́ kó tóbi. Ẹ wò ó bí ọwọ́ tí èèyàn ká díẹ̀ láti fi bomi mu: ẹ̀yìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, ẹnu rẹ̀ ṣí sí òsì.

Ìyá mi àgbà, nǹkan kan ń dà mí láàmú. Ọmọbìnrin baba ló gbà mí síṣẹ́. Ó bá wa nídìí tábìlì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní torí kí n máa wẹ baba òun, kí n sì máa fún un lóúnjẹ lòun ṣe gbà mí, òun kò gbà mí síléèwé. Ó ní ìwé kíkọ ń mú kó rẹ baba. Baba fi èdè wọn dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ sì le. Obìnrin náà kò gbọ́ ọ tán. Ló bá yíjú sí mi, ó ní, “Kí ni ó sọ?” Mo gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní n kò gbọ́.

Ṣé kí n jáwọ́? Iṣẹ́ ni mo wá ṣe níbí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹrin

Olóríkunkun,

Mo rí ìwé rẹ gbà. Ọ̀rọ̀ ti baba yé mi, mo sì ti dáwọ́ èébú rẹ̀ dúró.

Ìyá Alága ní kí oníkálukú kọ lẹ́tà kan. Kò sọ pé lẹ́tà ti ta ni. Mo gbé ìwé rẹ lọ bá a ní ẹbu lọ́jọ́ tí a ń tẹ amọ̀, tí amọ̀ bo ẹsẹ̀ gbogbo wa dé kókósẹ̀.

“Kí lèyí, Ìyá?”

“Lẹ́tà mi ni.”

“Kò sí nínú ábídí.”

“Kò sí nínú tìrẹ. Ó wà nínú tiwọn.”

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iṣẹ́ ṣàwàdà.”

“Ìgbà wo lo rí mi tí mo rẹ́rìn-ín nídìí amọ̀?”

“Ó dáa. Kí ló túmọ̀ sí?”

Mo na àtẹ́lẹwọ́ mi, pẹ̀lú amọ̀ tó wà lára rẹ̀, sí i lójú gbagada. Ó fò sẹ́yìn, ó pariwo pé mo na ìka márààrún sí òun níṣojú gbogbo ẹgbẹ́. Mo ní ìtumọ̀ lẹ́tà ló bèèrè, ìtumọ̀ rẹ̀ ni mo fún un. Bó bá jọ èébú, n kò sọ pé kò jọ ọ́.

Kẹ́míìsì, kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Ìyàwó rẹ ni, mo mọ̀.

Mo gbé lẹ́tà náà fún gbẹ́nàgbẹ́nà, ó fi igi gbẹ́ òǹtẹ̀ rẹ̀ fún mi, bó ṣe wà lórí ìwé rẹ gẹ́lẹ́, kò dín, kò lé. Mo ti ń fi lu ìdí gbogbo ìkòkò tí mo mọ láti ìgbà náà, wọ́n tò sábẹ́ òrùlé, wọ́n ń dúró de iná. Mo ti rẹ òǹtẹ̀ náà sínú yíǹkì Kẹ́míìsì, mo sì tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ níbí. Fi han baba rẹ. Sọ fún un pé mo ti mọ̀ ọ́n kọ.

O bi mí pé ṣé kí o jáwọ́. Ṣé èmi jáwọ́ ni? Wẹ baba náà kó mọ́, bọ́ ọ kó yó, kí ẹnikẹ́ni má rí ẹ̀sùn so mọ́ ọ lọ́rùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́ kò ra ọwọ́ rẹ. Obìnrin tó sì ń bi àlejò léèrè ohun tí baba tó bí i sọ, ẹnu wo ló fi ń pàṣẹ pé kí wọ́n má kọ́ ọ?

Èmi ìyá ìyá rẹ ni.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún

Ìyá mi àgbà,

Ẹ jókòó kí Kẹ́míìsì tó ka èyí.

Káfù yín kẹ̀yìn sí ibi tó yẹ kó kọjú sí. Bí wọ́n bá gbẹ́ òǹtẹ̀ bó ṣe wà lórí ìwé, tí a bá wá tẹ̀ ẹ́, ọ̀tún á di òsì. Ẹnu tó yẹ kó ṣí sí òsì ti ṣí sí ọ̀tún. Baba gbé ìwé yín lé gíláàsì fèrèsé, ó ní kí n yí i padà kí òun fi ẹ̀yìn rẹ̀ kà á. Nígbà náà ló ní, “Ẹ̀hẹ́n, Káfù nìyí.” Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi húkọ́.

Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí n sọ fún yín pé ẹni tó tẹ òǹtẹ̀ kò tíì kọ nǹkan kan. Igi ló kọ ọ́. Ó ní kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́: kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lókè lápá òsì, kí ẹ fà á lọ sí ọ̀tún, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, kí ẹ sì dá a padà sí òsì, láìgbé ọwọ́.

Ní ti ọ̀rọ̀ mi, ọmọ rẹ̀ ti kó gbogbo gègé ilé pamọ́. Ó ní bí òun bá tún bá wa nídìí ìwé, kí n máa lọ. Ó rọrùn fún yín láti sọ pé kí n má jáwọ́, Ìyá mi àgbà. Ilé yín lẹ wà. Èmi, inú ilé wọn ni yàrá tí mò ń sùn sí wà. Bí iṣẹ́ bá lọ, yàrá lọ. Ẹ kò tiẹ̀ bi mí léèrè ìyẹn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù Keje

Olóríkunkun,

Mo jókòó kó tó kà á. Nígbà tó kà á tán, mo dìde, mo lọ ju òǹtẹ̀ náà sínú igi ìdáná.

Kẹ́míìsì ní kí n fi àwọn ìkòkò náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ta ni yóò mọ̀? Ó ní omi tó bá wà nínú wọn, iwájú lẹ́tà gan-an ló máa kọjú sí. Mo ní n kò mọ ìkòkò fún omi tó ń kàwé. Mo fọ́ gbogbo wọn, mo kó wọn sínú omi. Amọ̀ tí kò tíì rí iná ṣe é tún mọ. Àwọn obìnrin ẹbu dúró, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo wèrè. Ọwọ́ mi dí.

Wọ́n máa ń ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tanni jẹ. Irọ́ ni. Tèmi tàn mí jẹ láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Eyín òòyà tó kán ni mo fi ń kọ ọ́. Bí amọ̀ bá rọ̀ jù, ó máa ń kójọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà bí ẹni fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Bó bá gbẹ jù, á bó sílẹ̀ bí èèpo. Ọwọ́ tí mo fi ń mọ ìkòkò tó tóbi ju èmi fúnra mi lọ, mo ní kó tẹ̀ wálẹ̀ níwọ̀nba, ó ń gbọ̀n bíi ti baba rẹ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo kọ ọ́ sára ògiri tútù, mo kọ ọ́ sórí itan mi nígbà tí mo bá jókòó. Ní báyìí, ó ń jáde. Bí mo bá rí i níbikíbi, màá mọ̀ ọ́n. Bó bá kẹ̀yìn, màá mọ̀ pé ó kẹ̀yìn. Mo rò pé ìyẹn ni wọ́n ń pè ní kíkà.

Ṣùgbọ́n Kẹ́míìsì ti lọ sọ ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Kẹ́míìsì, má gbójú kúrò, ìwọ ni mò ń bá wí. Kọ ọ́. Ìyá Alága ti wá ní lẹ́tà tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè kà á kì í ṣe lẹ́tà, àmì lásán ni. Bí kò bá sí ẹlòmíì ní ẹbu tó lè kà á lọ́jọ́ tí a bá máa sun ìkòkò, òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ ni wọn yóò fi lu tèmi. N kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó mú ọgbọ́n dání.

O ní ó rọrùn fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó lè lé mi kúrò nínú yàrá mi. Nítorí náà n kò ní bá ọ yan. Bí o bá jáwọ́, n kò ní bú ọ. Bí o kò bá sì jáwọ́, má fi ìwé pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí bí olè. Ṣe é lójú obìnrin náà.

Èmi ìyá ìyá rẹ ni.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹjọ

Ìyá mi àgbà,

Mo ṣe é lójú rẹ̀. Mo ra gègé tuntun, mo tẹ́ ìwé sórí tábìlì nígbà tó wà níbẹ̀, mo gbé ọwọ́ baba lé tèmi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹrù mi ti wà níta.

Ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Àwa obìnrin mẹ́ta la ń sùn nínú yàrá kan lókè ẹ̀rọ, ó sì máa ń gbọ̀n mọ́ wa nídìí bí ọkọ̀ ojú irin. Bó bá di ọjọ́ Àìkú, mo máa ń lọ kan ilẹ̀kùn wọn bí àlejò. Obìnrin náà á ṣí i, á dúró sí ẹnu ọ̀nà. Baba á gbọ́ ohùn mi, á máa pe orúkọ mi láti inú ilé, kò sì sí bí yóò ṣe lé àlejò baba rẹ̀. Kì í kí mi. Èmi ń kí i.

Baba ń bèèrè pé ṣé ọwọ́ ìyá amọ̀kòkò ti tọ́. Báwo lẹ ṣe fẹ́ ṣe ti ẹni kejì tó máa kà á? Ẹ tètè fèsì.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹwàá

Ìyá mi àgbà,

N kò rí èsì. Òjò ti dáwọ́ dúró lọ́dọ̀ yín, mo sì mọ̀ pé ẹ ó ti sun ìkòkò. Ṣé ara yín le? Ṣé inú ló ń bí yín sí mi? Bí Kẹ́míìsì kò bá kọ ọ́ fún yín mọ́, ẹ wá ẹnikẹ́ni tó mú bírò dání, ì báà jẹ́ tíṣà oníṣingọ́ọ̀mù.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹwàá

Olóríkunkun,

Ara mi le. N kò bínú sí ẹnikẹ́ni tí kò sí ní ẹbu. Kẹ́míìsì ni wọ́n dá dúró, wàá gbọ́ ìdí rẹ̀.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé ìfọṣọ. Iṣẹ́ ni. Máa fi òróró pa ọwọ́ rẹ, ọṣẹ máa ń là á. Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà obìnrin yẹn, máa kí i lọ, kí ó máa rí ọ.

Lọ́jọ́ tí a sun ìkòkò, gbogbo wa tò tiwa síwájú Ìyá Alága kí ó yẹ ìdí wọn wò. Ó dé orí tèmi. Ó gbé ọ̀kan, ó dojú rẹ̀ délẹ̀.

“Ìyá, ẹ ti kà á fún wa, a gbọ́. Ta ni ẹni kejì?”

N kò ní ẹni kejì. Mo ti gbìyànjú láti kọ́ ìyá tó ń ṣẹ́gi fún wa, ó ní kí n má fi lẹ́tà òkúta ibojì kó bá òun. Wọ́n ti ń gbé òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ bọ̀. Amọ̀ ti gbẹ, wọ́n fẹ́ fi ẹfun lù ú sórí Káfù mi.

Kẹ́míìsì máa ń gbé oògùn iná wá síbẹ̀ nígbàkígbà tí a bá ń sun ìkòkò, nítorí iná kì í ṣàì jó ẹnì kan lọ́wọ́. Ó wà lẹ́yìn, ó jókòó lórí àpótí rẹ̀. Ló bá ní, “Káfù ni.”

Ìyàwó rẹ̀ yíjú. “Kí lo sọ?”

“Káfù ló wà níbẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ló túmọ̀ sí. Èmi ni mò ń ka ìwé wọn fún wọn. Bó bá kẹ̀yìn, mo mọ̀. Èyí kò kẹ̀yìn.”

Ìyàwó rẹ̀ gba òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ sọ́wọ́.

“Ọkọ mi, a ó dé ilé.”

“A ó dé ilé. Nílé náà, Káfù ni yóò máa jẹ́.”

Ìyá Alága wò ó, ó wò mí, ó wo òǹtẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Alárífín ni obìnrin náà, ṣùgbọ́n kì í yí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ padà. Ó ní, “Ẹ tò wọ́n síbẹ̀.” Bí wọ́n ṣe to ìkòkò mi sínú iná nìyẹn, lórúkọ ara wọn. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ rẹ̀ ti ń sùn nínú ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ kọ̀wé fún mi mọ́. Ó sú u lánàá, ó ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá sọ ọ̀rọ̀ mi. Kẹ́míìsì, má rẹ́rìn-ín sórí ìwé mi, máa kọ ọ́ lọ.

Nígbà tí iná kú, tí a ń hú eérú kúrò, èyí tó tóbi jù lọ nínú tèmi, èyí tí mo mọ fún ọ̀sẹ̀ kan, ti là láti etí dé ìdí. N kò mọ ohun tó ṣe é. Bóyá afẹ́fẹ́ wà nínú amọ̀, bóyá n kò tẹ̀ ẹ́ tó. Ọwọ́ Ìyá Alága ló kọ́kọ́ bà á. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí pé eérú náà ṣì gbóná. Ó gbé e sókè, ó yí ìdí rẹ̀ sí òòrùn, ó sì kà á kí gbogbo ẹbu lè gbọ́:

“Káfù! Ta ló ni Káfù?”

Mo ní, “Èmi ni mo ni ín. Gbé e fún mi.”

Èmi ìyá ìyá rẹ ni.